Sọ́kẹ́ẹ̀tì onírìmóòtù

Sọ́kẹ́ẹ̀tì onírìmóòtù jẹ́ ohun èlò iná mànàmáná tí a máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, tí a ó sì wá ki pílọ́ọ̀gì àtùpà tàbí ohun èlò mìíràn bọ ojú rẹ̀, kí a lè máa tàn án tàbí kí a máa pa á láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ ìgbì rédíò. Nínú ilé adáṣiṣẹ́, ìyẹn ilé tí kọ̀ǹpútà ti ń darí iná àti àwọn ohun èlò mìíràn, ẹ̀rọ olùdarí ni ó máa ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dípò ọwọ́ ènìyàn. Púpọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ń lo ìgbì rédíò 433.92 MHz. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ àti olùdarí rẹ̀: ó ń gba àṣẹ, ṣùgbọ́n kì í dáhùn. Inú àbùdá yìí ni púpọ̀ nínú ìṣòro rẹ̀ ti ń wá, òun náà ni ó sì ń pinnu bí a ṣe ń wá àléébù rẹ̀.

Ìtàn

Èrò pé kí a máa darí iná ilé láti ọ̀nà jíjìn ti wà ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Pico Electronics tí ó wà ní ìlú Glenrothes, ní Skọ́tlándì, ṣe ètò kan tí a ń pè ní X10. Inú wáyà iná ilé gan-an ni X10 ń fi àmì rẹ̀ gbà. Lẹ́tà 16, láti A dé P, ni ó yà sọ́tọ̀ fún ilé, ó sì ya nọ́ńbà 16 sọ́tọ̀ fún ohun èlò, èyí tí ó mú kí àdírẹ́sì 256 wà.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń lo ìgbì rédíò gbilẹ̀ ní Yúróòpù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́ta pẹ̀lú rìmóòtù ọwọ́ kan ni a sábà máa ń dì pọ̀ tà. Àwọn kan lára wọn, bí irú ti àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ Intertechno ṣe, ṣì ń lo lẹ́tà A dé P àti nọ́ńbà 1 dé 16. Nígbà tí sọ́fítíwíà ilé adáṣiṣẹ́ bíi FHEM dé, tí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi jáde ní oṣù kejì ọdún 2012, tí Paulus Schoutsen sì bẹ̀rẹ̀ Home Assistant ní ọdún 2013, àwọn olùlò bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà darí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí.

Iṣẹ́ tuntun yìí kọ́ ni a dá wọn fún. Ẹni tí ó mú rìmóòtù lọ́wọ́ ń wo àtùpà bí ó ṣe ń tẹ bọ́tìnì. Bí àtùpà kò bá tàn, yóò tún un tẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ènìyàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìdáhùn tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba ipò ènìyàn, ojú yẹn kò sí mọ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú rìmóòtù, ẹ̀rọ afàmìránṣẹ́ kékeré kan ń tan ìgbì rédíò, ó sì ń pa á, ní wàràwàrà. Bí ìtàn àti ìpa kọ̀ọ̀kan bá ṣe gùn tó ni a fi ń mọ kóòdù. Oríṣi kóòdù méjì ni ó wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni kóòdù tí a ń fi ọwọ́ tò. Nínú àwọn tí ń lo ṣíìpù PT2262 tàbí irú rẹ̀, àmì 12 ni ó wà nínú àṣẹ kan, àmì kọ̀ọ̀kan sì lè wà ní ipò mẹ́ta: 0, 1 tàbí F. Lára púpọ̀ nínú irú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, súwíìṣì kéékèèké mẹ́wàá ni ó wà. Márùn-ún dúró fún ilé, márùn-ún yòókù sì dúró fún sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n bí súwíìṣì kọ̀ọ̀kan ti ní ipò méjì péré, kóòdù ilé kò lè ju 32 lọ.

Ìkejì ni irú tí ń kọ́ kóòdù fúnra rẹ̀. Bí a bá ti kì í bọ ara ògiri, tàbí tí a bá tẹ bọ́tìnì ara rẹ̀, yóò tẹ́tí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, yóò sì fi kóòdù tí ó bá gbọ́ ní àkókò náà sí ìrántí. Nínú irú èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ bíìtì 26, àdírẹ́sì tí ó ṣeé lò ju mílíọ̀nù 67 lọ.

Agbàmì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í gba àṣẹ gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan. Agbàmì tí ń bá PT2262 ṣiṣẹ́, fún àpẹẹrẹ, gbọ́dọ̀ gbọ́ kóòdù kan náà léraléra kí ó tó gbé ìgbésẹ̀. Ìdí nìyí tí rìmóòtù fi ń tún àṣẹ kan sọ lọ́pọ̀ ìgbà bí a bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. Bí kóòdù bá bára mu, agbàmì yóò fi agbára sí rílé, ìyẹn súwíìṣì kékeré tí òòfà ń fà. Ìgbà yẹn ni a máa ń gbọ́ ìró "tá" kékeré, tí iná yóò sì dé ara àtùpà.

Ohun tí ẹ̀rọ olùdarí mọ̀

Nínú ojú ìwé sọ́fítíwíà ilé adáṣiṣẹ́, àwòrán gílóòbù kan máa ń fi hàn pé àtùpà wà ní títàn tàbí ní pípa. Fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í dáhùn, ohun tí àwòrán yìí ń sọ kò ju àṣẹ tí ẹ̀rọ olùdarí fi ránṣẹ́ kẹ́yìn lọ. Kò sọ bóyá àṣẹ náà dé, kò sì sọ ohun tí àtùpà ń ṣe.

Ìyàtọ̀ yìí lè dá wàhálà sílẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ó bá lo rìmóòtù ọwọ́ tí ẹ̀rọ olùdarí kò gbọ́, tàbí bí ariwo rédíò bá bo àṣẹ mọ́lẹ̀, àwòrán àti àtùpà yóò yàtọ̀ síra. Àwọn ètò kan kì í tún àṣẹ fi ránṣẹ́ bí wọ́n bá ti gbà pé ohun èlò ti wà ní ipò tí a fẹ́. Nítorí náà, àtùpà lè wà ní títàn ní gbogbo òru, kí ẹ̀rọ olùdarí sì kọ̀ láti pa á, nítorí pé lójú tirẹ̀ ó ti kú.

Wíwá àléébù

Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà láti inú kọ̀ǹpútà dé ara gílóòbù ní ibùdó márùn-ún: sọ́fítíwíà, afàmìránṣẹ́, afẹ́fẹ́, agbàmì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, àti rílé pẹ̀lú àtùpà. Bí kò ti sí ìdáhùn láti ibùdó kankan, a kò lè bi sọ́kẹ́ẹ̀tì léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti já. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí a pín ọ̀nà náà sí méjì, kí a mọ apá tí ó yè, kí a sì tún apá tí ó kù pín.

Àtùpà. A ó yọ àtùpà kúrò lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì onírìmóòtù, a ó sì kì í bọ ara ògiri tààrà. Bí kò bá tàn, gílóòbù, fíúsì inú pílọ́ọ̀gì tàbí súwíìṣì ara àtùpà fúnra rẹ̀ ni kí a wò. Súwíìṣì ara àtùpà gbọ́dọ̀ máa wà ní títàn nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí àṣẹ tí yóò ṣiṣẹ́.

Rìmóòtù ọwọ́. Rìmóòtù tí wọ́n tà pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni irinṣẹ́ tí ó wúlò jù fún pípín ọ̀nà náà. A ó dúró sí ibi tí afàmìránṣẹ́ ẹ̀rọ olùdarí wà, a ó sì tẹ rìmóòtù láti ibẹ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbọ́, a jẹ́ pé agbàmì, rílé àti àtùpà ń ṣiṣẹ́. Inú sọ́fítíwíà tàbí afàmìránṣẹ́ ni àléébù wà. Bí kò bá gbọ́, a ó sún mọ́ ọn. Bí ó bá gbọ́ nítòsí nìkan, jíjìnnà tàbí ariwo rédíò ni a ó fura sí. Bí kò bá gbọ́ rárá, a ó kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù, nítorí pé iná pupa kékeré orí rẹ̀ ṣì lè máa tàn nígbà tí agbára bátìrì kò tó láti fi àmì ránṣẹ́ jìnnà.

Kóòdù. Bí rìmóòtù bá ń ṣiṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kò sì ṣiṣẹ́, kóòdù ni a ń kọ́kọ́ wò. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a ka súwíìṣì kéékèèké láti apá tí kò yẹ, tàbí kí a kọ 0 níbi tí sọ́fítíwíà ti ń retí F. Ọ̀nà tí ó dájú jù ni kí a so agbàmì mọ́ kọ̀ǹpútà, kí a gba ohun tí rìmóòtù ọwọ́ ń sọ sílẹ̀, kí a sì fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ. Sọ́fítíwíà rtl_433 lè ṣe èyí pẹ̀lú agbàmì tẹlifíṣọ̀n kékeré olówó pọ́ọ́kú tí a ń kì bọ ojú USB. Bí irú tí ń kọ́ kóòdù bá gbàgbé, a ó tún kọ́ ọ.

Afàmìránṣẹ́ àti áńtẹ́nà. Àwọn afàmìránṣẹ́ kéékèèké tí a ń so mọ́ Raspberry Pi sábà máa ń wá láìní áńtẹ́nà, wọn kì í sì í lè kọjá yàrá kan bẹ́ẹ̀. Ìgbì 433.92 MHz kan gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 69; ìdá mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 17.3, ni gígùn wáyà tí ó yẹ fún áńtẹ́nà rẹ̀. Afàmìránṣẹ́ tí a ṣètò fún ìgbì mìíràn kò lè bá sọ́kẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Ètò FS20, fún àpẹẹrẹ, ń lo 868.35 MHz, afàmìránṣẹ́ kan ṣoṣo kò sì lè wà lórí ìgbì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àṣẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ètò kan bá ní kí iná mẹ́fà kú ní agogo mọ́kànlá alẹ́, tí ọ̀kan tàbí méjì sì ń ṣẹ́ kù ní títàn, ó ṣeé ṣe kí àwọn àṣẹ náà máa gun ara wọn. A máa ń fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn, kí afàmìránṣẹ́ lè parí ọ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Fífi kún iye ìgbà tí ó ń tún àṣẹ sọ náà máa ń ṣèrànwọ́.

Ariwo lójú afẹ́fẹ́. Ìgbì láti 433.05 dé 434.79 MHz jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ohun èlò jọ ń pín lò ní Yúróòpù àti ní Áfíríkà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, agogo ẹnu ọ̀nà tí kò ní wáyà àti ohun èlò tí ń wọn ooru ìta ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́ tí kò sì dákẹ́ mọ́, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lè di adití lẹ́ẹ̀kan náà. Fìríìjì, pátákó irin àti ògiri kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ náà ń dínà ìgbì. Agbàmì olówó pọ́ọ́kú tún lè dí agbàmì mìíràn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà kò yẹ kí a to sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta mọ́ra lórí pátákó kan.

Rílé àti kapásítọ̀. Etí ni a fi ń mọ èyí. Bí rílé bá ró "tá" ṣùgbọ́n tí àtùpà kò kú, ojú irin inú rílé ni ó ti lẹ̀ mọ́ra. Iná ńlá tí ń ya wọlé lójijì nígbà tí a bá tan àwọn gílóòbù LED púpọ̀ tàbí ẹ̀rọ tí ó ní kapásítọ̀ nínú lè fa èyí, kódà bí agbára tí wọ́n ń lò lẹ́yìn náà bá kéré. Bí iná pupa kékeré ara sọ́kẹ́ẹ̀tì bá yí padà láìsí ìró kankan, ó ṣeé ṣe kí kapásítọ̀ tí ń bọ́ rílé ti rẹ̀. Kapásítọ̀ yìí máa ń pàdánù agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí ohun tí ó ń pèsè kò fi ní tó láti fa òòfà rílé mọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, kò ní ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, a ó sì máa dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi.

Iná tí ń tàn fúnra rẹ̀

Àtùpà tí ó tàn ní òru láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án lè kó jìnnìjìnnì bá ará ilé. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé aládùúgbò ní irú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, tí àwọn méjèèjì sì fi kóòdù sílẹ̀ bí ó ti wá láti ilé-iṣẹ́. Ìgbì rédíò kò mọ ààlà ilé. Yíyí kóòdù ilé padà sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá parí, a ó yẹ àwọn àṣẹ àfàkókòsí tí ó wà nínú ẹ̀rọ olùdarí wò, pàápàá àwọn tí a ti gbàgbé.

Nígbà tí iná ọba bá lọ

Púpọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ní rílé lásán máa ń wà ní pípa nígbà tí iná bá dé padà, ohun yòówù tí ó ti ń ṣe kí iná tó lọ. Ní orílẹ̀-èdè tí iná kì í ti í sábà lọ, a lè má kíyè sí i. Ní Nàìjíríà, níbi tí iná ọba ti lè lọ kí ó sì dé lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, èyí nìkan tó láti ba ìbárẹ́ ẹ̀rọ olùdarí àti sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́. Bí ẹ̀rọ olùdarí bá wà lórí ìńfátà tí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lórí iná ọba, ẹ̀rọ olùdarí kò ní mọ̀ rárá pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Yóò máa sọ pé iná àbáwọlé wà ní títàn nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí a jẹ́ kí ohun èlò kan máa sọ fún ẹ̀rọ olùdarí nígbà tí iná ọba bá dé, kí ó lè tún gbogbo àṣẹ fi ránṣẹ́, tàbí kí ó máa tún wọn fi ránṣẹ́ láti ìgbà dé ìgbà. Àṣẹ "tàn" àti àṣẹ "kú" ni kí a lò, kì í ṣe àṣẹ "yí padà". Bí a bá tún "tàn" sọ nígbà mẹ́wàá, àtùpà yóò ṣì wà ní títàn. Bí a bá tún "yí padà" sọ, kò sí ẹni tí ó lè mọ ibi tí yóò parí sí.

Ààbò

Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni a ti máa ń kọ agbára tí ó lè gbé, iye yìí kò sì ṣeé kọjá. Kò bójú mu láti fi áyọ́ọ̀nù, sítóòfù tàbí ohun èlò mìíràn tí ń mú ooru jáde sí abẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í dáhùn. Àwòrán tí ó ní "ó ti kú" kì í ṣe ẹ̀rí, àṣẹ kan tí ó sọnù lójú afẹ́fẹ́ sì tó láti dá iná sílẹ̀.

Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù, a gbọ́dọ̀ yọ pílọ́ọ̀gì àtùpà ná. Púpọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ń gé wáyà kan ṣoṣo. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì ti Yúróòpù ṣeé kì bọ lọ́nà méjèèjì, nítorí náà wáyà tí ó kù láìgé lè jẹ́ èyí tí iná wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wá sí Nàìjíríà, tí ó sì ń fi àdáńtà so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́ta, gbọ́dọ̀ rí i dájú pé wáyà ilẹ̀ kò já láàárín.

Kò yẹ kí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná tú sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Kò sí ohun tí ó ya agbàmì inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná 230 volt. Ibikíbi tí ọwọ́ bá kàn lè pani. Bákan náà, kóòdù tí kì í yí padà ṣeé gbà sílẹ̀ kí a sì tún un fi ránṣẹ́, nítorí náà a kì í fi irú rẹ̀ ṣọ́ ilẹ̀kùn tàbí ohun èlò ìdáàbòbò.

Àwọn irú tí ń dáhùn

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń lo Zigbee, Z-Wave tàbí Wi-Fi ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà lẹ́yìn àṣẹ. Zigbee àti púpọ̀ nínú àwọn oní-Wi-Fi ń lo ìgbì 2.4 GHz, Z-Wave ń lo 868.42 MHz ní Yúróòpù àti 908.42 MHz ní Amẹ́ríkà. Bí ìdáhùn kò bá dé, ẹ̀rọ olùdarí lè tún àṣẹ sọ tàbí kí ó kìlọ̀ fún onílé.

Síbẹ̀, ipò rílé ni ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ń sọ, kì í sọ̀rọ̀ nípa gílóòbù. Gílóòbù tí ó ti jó kò ní tàn bí rílé tilẹ̀ dáhùn pé òun ti ṣe tòun. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó tún ń wọn iye iná tí ń kọjá nínú rẹ̀ ni ó lè sọ fún ẹ̀rọ olùdarí pé nǹkan kan ń jẹ iná lóòótọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé adáṣiṣẹ́, oríṣi méjèèjì ni ó jọ wà: àwọn tí kì í dáhùn ń darí àtùpà ọ̀ṣọ́, níbi tí àṣìṣe kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, àwọn tí ń dáhùn sì ń darí ohun tí ó léwu bí a bá fi í sílẹ̀ ní títàn láìmọ̀.